Ìyẹ̀ Inú Kírísítálì àti Ìlọ́ Inú Ààyè: Ohun tí Jiọ́mẹ́tìrì Cartan Ń Kà àti Èyí tí Ó Ń Fò

Nínú kírísítálì, irú èyí tí ó wà nínú iyọ̀, bàbà àti irin, àwọn átọ́ọ̀mù a máa tò lẹ́sẹẹsẹ bí ebè inú oko. Ní 1926, Yakov Frenkel ṣírò agbára tí ó lè mú odidi ìpele átọ́ọ̀mù kan yọ̀ lórí èkejì lẹ́ẹ̀kan náà, ṣùgbọ́n iye tí ó rí fi ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìlọ́po ju èyí tí ó ń tẹ kírísítálì gidi lọ. Ní 1934 ni G. I. Taylor, Egon Orowan àti Michael Polanyi, tí oníkálukú wọn dá ṣiṣẹ́ tirẹ̀, tú kókó náà: ìlà kan wà nínú kírísítálì tí ìtò ibẹ̀ ti yẹ̀, bí oríkèé ara ṣe ń yẹ̀, ìlà náà ni ó sì ń rìn, tí ó fi jẹ́ pé átọ́ọ̀mù díẹ̀ ni ó ń ṣí nípò lẹ́ẹ̀kan. Ìlà bẹ́ẹ̀ ni a ó máa pè ní ìyẹ̀.

Bí ẹnìkan bá lè rìn lórí àwọn átọ́ọ̀mù, kí ó gbé ìṣísẹ̀ mẹ́wàá sí ọ̀tún, mẹ́wàá sókè, mẹ́wàá sí òsì àti mẹ́wàá sísàlẹ̀, yóò padà sí ibi tí ó ti gbéra. Ṣùgbọ́n bí ọ̀nà rẹ̀ bá yí ìyẹ̀ kan po, kò ní bá ara rẹ̀ níbẹ̀ mọ́. Àlàfo tí ó ṣẹ́kù, gígùn rẹ̀ àti ibi tí ó kọjú sí, ni J. M. Burgers, ará Nẹ́dálándì, fi ṣe òṣùwọ̀n ìyẹ̀ ní 1939. Arìnrìn-àjò náà kò nílò láti jáde síta kí ó tó mọ̀ pé nǹkan ti yẹ̀. Kí ó ṣáà ka ìṣísẹ̀ rẹ̀.

Àlàfo yìí gan-an ni Élie Cartan, ará Faransé, ti ṣàpèjúwe ní 1922, nígbà tí ó ń ronú lórí ìmọ̀ Einstein, láìsí kírísítálì lọ́kàn rẹ̀ rárá. Jiọ́mẹ́tìrì tí Riemann fi sílẹ̀ mọ ìtẹ̀, èyí tí ó ń mú kí ọfà tí a gbé yí ká padà wálé pẹ̀lú ojú tí ó ti yí. Cartan fi ìlọ́ kún un, èyí tí kì í jẹ́ kí ọ̀nà tí ó yẹ kí ó pàdé pàdé. Kazuo Kondo ní Jàpáánì ní 1952, àti Bilby, Bullough àti Smith ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1955, ni wọ́n rí i pé bí ìyẹ̀ bá ṣe pọ̀ tó ni ìlọ́ ṣe ń pọ̀ tó.

Àwọn kan gbà pé ọ̀ṣọ́ lásán ni èdè jiọ́mẹ́tìrì yìí, ṣùgbọ́n èrò wọn kò dúró. Òfin pé ìyẹ̀ kò lè dópin láàárín kírísítálì, pé àfi kí ó ká wálé, kí ó so mọ́ ìyẹ̀ mìíràn tàbí kí ó yọ sí ojú ìta kírísítálì náà, jáde wá láti inú ìṣirò ìlọ́ fúnra rẹ̀, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni fi kún un.

Ibi tí jiọ́mẹ́tìrì náà ti kù síbì kan ni ibi tí oníṣẹ́ irin ti nílò rẹ̀ jù. Bí a bá tẹ wáyà bàbà, tí a tún tẹ̀ ẹ́ padà títí ó fi nà, yóò le ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, nítorí pé ìyẹ̀ inú rẹ̀ ti bí sí i, wọ́n sì ti lọ́ mọ́ra wọn. Síbẹ̀, àwọn tí wọ́n kọjú sí ọ̀tún àti àwọn tí wọ́n kọjú sí òsì a máa pa ara wọn rẹ́ nínú ìṣirò tí ó wo ọ̀pọ̀ átọ́ọ̀mù pọ̀, ìlọ́ a sì fẹ́rẹ̀ẹ́ di òdo, bí ìwé oníṣòwò tí ó ń kọ iye tí ó kù sílẹ̀ láìkọ iye tí ó wọlé àti èyí tí ó jáde. Nínú sẹ̀ǹtímítà kúbíìkì kan irin tí a ti yan tí ó sì tutù dáadáa, àpapọ̀ gígùn ìyẹ̀ lè tó nǹkan bíi kìlómítà 10. Lẹ́yìn tí a bá ti lù ú gidigidi, ó lè tó mílíọ̀nù kan kìlómítà, iye tí ìlọ́ kò lè sọ.