Òróró inú ìgò àti ọ̀rá inú iṣan



Ẹnì kan lè sùn ní àlàáfíà, kí ilẹ̀ mọ́, kí apá kan ara rẹ̀ ti kú. Àwọn aládùúgbò á ní wọ́n fi nǹkan ṣe é ni. Wọ́n á máa wo ìyàwó rẹ̀ tàbí àbúrò rẹ̀ bí ọ̀tá. Kí ẹ tó dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi, ẹ ka ìtàn yìí.

Ẹ wo òróró ẹ̀pà. Bí ẹ bá fi ìgò rẹ̀ sílẹ̀ láìdé, òórùn rẹ̀ á yí padà bó bá pẹ́. Afẹ́fẹ́ ló bà á jẹ́. Ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀ wa náà lè bàjẹ́ bẹ́ẹ̀.

Iṣan ni ẹ̀jẹ̀ ń gbà kọjá. Awọ fẹ́lẹ́ kan bo inú iṣan. Àwọn sẹ́ẹ̀lì, ìyẹn ẹyọ kéékèèké tí ojú lásán kò lè rí, ló tò pọ̀ di awọ náà, bí bíríkì ṣe ń tò di ògiri.

Ní ọdún 1913, dókítà Nikolai Anitschkow ní Rọ́ṣíà fi ọ̀rá kan tí à ń pè ní kọlẹ́sítẹ́rọ́ọ̀lù bọ́ ehoro. Ọ̀rá náà dúró sí ara iṣan àwọn ehoro. Ara wa nílò ọ̀rá yìí, ó sì ń ṣe é fúnra rẹ̀. Bó bá pọ̀ jù ni wàhálà dé.

Báwo ló ṣe ń ba iṣan jẹ́? Láàárín ọdún 1981 sí 1984, dókítà Daniel Steinberg àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà rí ìdáhùn kan. Wọ́n fi ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀ sí àárín àwọn sẹ́ẹ̀lì awọ iṣan. Ọ̀rá náà bàjẹ́ bí òróró inú ìgò. Ọ̀rá tó bàjẹ́ yìí ń ṣe awọ iṣan léṣe. Awọ náà á máa lẹ̀. Àwọn sẹ́ẹ̀lì funfun, tí í ṣe ọmọ ogun ara, á lẹ̀ mọ́ ọn, wọ́n á wọ inú rẹ̀, wọ́n á máa gbé ọ̀rá náà mì. Wọ́n á yó, wọ́n á di òkìtì. Bí òkìtì náà bá bẹ́, ẹ̀jẹ̀ á dì lé e lórí, ọ̀nà á dí. Bó bá dí nínú ọpọlọ, apá kan ara lè kú. Ọ̀pọ̀ ọdún ló fi ń pọ̀ díẹ̀díẹ̀. Kì í ṣe iṣẹ́ òru kan.

Àwọn kan rò pé oògùn fítámì E á dá ìbàjẹ́ yìí dúró. Ní ọdún 2000, àbájáde ìdánwò kan lára àwọn ènìyàn tó lé ní 9,000 jáde: oògùn náà kò dáàbò bo ọkàn wọn. Nítorí náà, bí ẹnì kan bá ń ta oògùn tó ń fọ iṣan lọ́jà, ẹ pa owó yín mọ́.

Ṣé inú ẹ̀jẹ̀ àwa dúdú ni àìsàn yìí wà? Ní ọdún 1992, Yunifásítì Ìbàdàn àti ti Indiana ní Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ sí í yẹ àwọn àgbà Yorùbá ní Ìbàdàn wò, àti àwọn àgbà dúdú ní Indianapolis. Kọlẹ́sítẹ́rọ́ọ̀lù ti ará Ìbàdàn kéré sí ti ará Indianapolis. Oúnjẹ àti ìgbé ayé ní ọwọ́ nínú rẹ̀.

Kékeré la ti ń pẹ̀ka ìrókò. Ẹ má mu sìgá. Ẹ jẹ ẹ̀fọ́, ẹ̀wà àti ẹja. Ẹ jẹ́ kí wọ́n máa wo ẹ̀jẹ̀ ríru yín, nítorí òun náà ń ba iṣan jẹ́. Bí ẹnu ẹnì kan bá wọ́, tí apá rẹ̀ rọ, tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ́, ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀. Ẹ má kọ́kọ́ wá àjẹ́ kiri.

Ẹ ka ọ̀rọ̀ yìí sí etí ẹni tí kò tíì mọ̀wé.