Ààlà Ìlú Nínú Ìtàn Ìfiwéra Àwọn Ìlú Yúróòpù

Kí a tó lè fi ìlú kan wé òmíràn, ó di dandan kí a mọ ibi tí ọ̀kọ̀ọ̀kan parí sí. Ìtàn Urban Audit, ètò tí Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù fi ń ṣe ìfiwéra àwọn ìlú, fi èyí hàn kedere.

Ìlú 58 ni wọ́n fi dán ètò náà wò láti 1998. Ní 2003, wọ́n kó ìṣirò jọ nípa ilé, iṣẹ́, ẹ̀kọ́ àti àyíká ìlú 189 ní orílẹ̀-èdè 15. Ní 2004, wọ́n bi àwọn ará ìlú 31 léèrè bí ìgbé-ayé ìlú ṣe tẹ́ wọn lọ́rùn sí.

Ṣùgbọ́n ààlà ìjọba ìbílẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ìṣirò náà dúró lé. Ààlà Paris, fún àpẹẹrẹ, yọ ọ̀pọ̀ àdúgbò tí ó so mọ́ ìlú náà sílẹ̀. Àwọn ìlú mìíràn sì ka ìgbèríko mọ́ ara wọn. Ní 2012, wọ́n gbé ìtumọ̀ tuntun jáde: wọ́n pín ilẹ̀ sí ìpín kìlómítà kan níbùú, kan lóròó. Ibi tí àwọn ìpín tí ó so mọ́ra ti ní ènìyàn 1,500 ó kéré tán lọ́kọ̀ọ̀kan, tí àpapọ̀ wọn sì tó 50,000, ni a ń pè ní ojúlówó ìlú.

Ìbéèrè yìí kò ṣàjèjì sí wa. Àgbẹ̀ tí ó kọ́lé sí Ìbàdàn, tí ó sì ń gbé abà, níbo ni kí a kà á sí? Ẹni tí ààlà bá yọ sílẹ̀, ìnira rẹ̀ kò ní sí nínú ìṣirò.