Ohun Tó Wà Lẹ́yìn Ẹẹ́fà: Gbòǹgbò Ogun Àdùbí

Àwọn àgbà ní ohun tó wà lẹ́yìn ẹẹ́fà, ó ju eéje lọ. Ọmọdé tó bá ń ka oókan, eéjì mọ̀ pé eéje ló tẹ̀lé ẹẹ́fà, ṣùgbọ́n ìkìlọ̀ òwe náà ni pé ìdí ọ̀ràn a máa jìn ju ibi tí ojú kọ́kọ́ bà lé lọ. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ìjàǹgbara, ìyẹn akitiyan àwọn tí ìjọba àjèjì mú sìn láti gba ara wọn sílẹ̀, ṣe rí nínú Ogun Àdùbí tí àwọn Ẹ̀gbá bá ìjọba Gẹ̀ẹ́sì jà ní ọdún 1918.

Owó orí ni eéje tí gbogbo ayé rí. Owó ibodè, tí ìjọba Ẹ̀gbá ń gbà tẹ́lẹ̀, kì í kan ẹni tí kò bá gbé ọjà kọjá, ṣùgbọ́n kò sí àgbàlagbà tí owó orí yọ sílẹ̀. Nígbà tí Lugard, Gómìnà Àgbà ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, fi owó orí rọ́pò owó ibodè ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún náà, kò pé oṣù mẹ́fà tí àwọn ará oko fi gbé ìbọn, tí wọ́n hú irin ojú ọ̀nà rélùwéè, tí wọ́n sì pa Òṣilẹ̀, ọba Òkè-Ọnà.

Ṣùgbọ́n májẹ̀mú tó bàjẹ́ ló wà lẹ́yìn ẹẹ́fà. Ní ọdún 1893, Gómìnà Carter bá Ẹ̀gbá tọwọ́ bọ̀wé pé ilẹ̀ wọn yóò wà lómìnira. Ní oṣù kẹjọ ọdún 1914, ọmọ ogun ìjọba yìnbọn pa ọ̀pọ̀ ènìyàn ní Ìjẹ̀mọ̀ ní Abẹ́òkúta, ìlú Ẹ̀gbá, nígbà tó sì di oṣù kẹsàn-án, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fagi lé ìwé náà. Láti ìgbà náà, ẹni tí wọ́n ń fipá kó lọ la ọ̀nà láìgbowó dà bí ìwọ̀fà, ìyẹn ẹni tó ń fi iṣẹ́ sin olówó nítorí gbèsè, bẹ́ẹ̀ kò yá kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Nígbà tí owó orí wá gorí rẹ̀, ìbéèrè ti kúrò ní iye tí wọn yóò san, ó ti di ẹni tó láṣẹ láti bù ú fún wọn.

Àwọn ọmọ ogun tó ti ogun Ìlà-Oòrùn Áfíríkà dé ni wọ́n fi ṣẹ́gun àwọn ará oko, ṣùgbọ́n wọn kò dáhùn ìbéèrè náà. Ìdí nìyí tí àwọn obìnrin Abẹ́òkúta, tí Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti ṣáájú wọn, fi tún gbé e dìde ní ọdún 1947, títí Aláké Adémọ́lá, ọba Ẹ̀gbá, fi kúrò lórí ìtẹ́ ní ọdún 1949.