Láti Ọ̀dẹ̀dẹ̀ dé Ilé Onídígí: Ìtàn Ooru àti Iná ní Àpápá

Kí èbúté tó dé, àwọn Àwórì tó ni ilẹ̀ Àpápá àti Ajégúnlẹ̀ ti mọ ọgbọ́n ooru: ògiri amọ̀ tó nípọn, òrùlé ewé, ọ̀dẹ̀dẹ̀ tó ń gba atẹ́gùn. Iná mànàmáná tàn l'Ékòó ní 1896, wọ́n ṣí wọ́ọ̀fù Àpápá ní 1926, síbẹ̀ fáràńdà àti fèrèsé ńlá ni àwọn Òyìnbó amúnisìn gbójú lé. Iná ò tíì pọ̀ débi tí ènìyàn yóò máa fi ra òtútù.

Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì, ọgbọ́n yìí di ẹ̀kọ́ ilé ìwé. Adédòkun Adéyẹmí, akẹ́kọ̀ọ́ ọmọ Nàìjíríà, wà lára àwọn tó ké gbàjarè nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì pé ẹ̀kọ́ ilé kíkọ́ tí wọ́n ń kọ́ àwọn kò bá ilẹ̀ olóoru mu. Wọ́n ṣèpàdé lé e lórí ní 1953. Ní 1954, ẹ̀ka ẹ̀kọ́ ilé kíkọ́ fún ilẹ̀ olóoru bẹ̀rẹ̀ ní London. Àwọn ayàwòrán-ilé Maxwell Fry àti aya rẹ̀, Jane Drew, ti ń lo ọgbọ́n yìí ní Yunifásítì Ìbàdàn: ilé tẹ́ẹ́rẹ́ tí atẹ́gùn ń gbà kọjá, ògiri oníhò tó ń dá oòrùn lẹ́kun.

Owó epo rọ̀bì ló da gbogbo rẹ̀ rú. Ní 1975, ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọkọ̀ òkun tó kó sìmẹ́ǹtì há sẹ́nu èbúté Èkó. Ilé ń ga sí i, dísù tí jẹnẹrétọ̀ ń mu kò wọ́n, ẹ̀rọ amúlétutù tí Willis Carrier ṣe ní 1902 nítorí ilé ìtẹ̀wé kan ní Brooklyn sì wọ̀lú. Bí dígí ṣe gba ipò ògiri nìyẹn.

Dígí ń jẹ́ kí ìtànṣán wọlé, ṣùgbọ́n kì í jẹ́ kí ooru tètè jáde. L'Ékòó, oòrùn àárọ̀ àti ti ìrọ̀lẹ́ ń wọ ojú ilé tààrà láti ìlà-oòrùn àti ìwọ̀-oòrùn. Ìbòòji òrùlé kò ká a. Bí iná bá lọ, tí fèrèsé kò sì ṣeé ṣí, ọ́fíìsì di ààrò. Jẹnẹrétọ̀ ló kù. Ẹ̀rọ amúlétutù ń da ooru síta, jẹnẹrétọ̀ ń da èéfín lé aládùúgbò lórí. Ní òdìkejì Boundary, ààlà Àpápá àti Ajégúnlẹ̀, lábẹ́ páànù Ajégúnlẹ̀, àwọn tó kún inú ilé fés-mi-áí-fés-yù ń làágùn, wọn kò sì rówó ra òtútù.

Ní 2017, ìjọba àpapọ̀ gbé ìlànà ìṣọ́ iná lò nínú ilé jáde, tó fi gbèdéke sí bí fèrèsé tí kò ní ìbòòji ṣe gbọ́dọ̀ fẹ̀ tó. Ìgbà tí dísù wọ́n ni a rántí ìbòòji. Kí ayàwòrán-ilé tó yan dígí, kí ó kọ́kọ́ bi ẹni tó ń ra dísù.