Ẹ̀bùn Ewì Seaton ní Yunifásítì Cambridge àti Ọ̀ràn Christopher Smart

Ní ọdún 1738, Thomas Seaton, àlùfáà ìjọ Ravenstone ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ẹni tí ó ti ṣe olùkọ́ rí ní Clare Hall ní Cambridge, kọ ìwé ìhágún rẹ̀. Ó fi ilẹ̀ rẹ̀ tí ó wà ní Kislingbury sílẹ̀ fún yunifásítì náà, pé kí wọ́n máa fi owó tí ó bá ń ti ibẹ̀ wá tẹ ewì kan jáde lọ́dọọdún, kí èyí tí ó bá ṣẹ́kù sì jẹ́ ti ẹni tí ó kọ ọ́. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni ewì náà gbọ́dọ̀ jẹ́. Ẹni tí ó ti gba oyè M.A. nìkan ni ó lè díje. Gíwá yunifásítì, ọ̀gá Clare Hall àti ọ̀jọ̀gbọ́n èdè Gíríìkì ni adájọ́. Ọ̀kan nínú àwọn àbùdá Ọlọ́run ni yóò jẹ́ kókó ewì náà lọ́dún kọ̀ọ̀kan. Bí àwọn àbùdá náà bá tán (bí ẹni pé wọ́n lè tán!), kí wọ́n bọ́ sórí ikú, ìdájọ́, ọ̀run rere, ọ̀run àpáàdì àti mímọ́ ọkàn.

Seaton kú ní 1741, ṣùgbọ́n ó di 1750 kí ẹnikẹ́ni tó gba ẹ̀bùn náà. Christopher Smart, olùkọ́ ní Pembroke Hall, ni ẹni náà. Ó tún gbà á ní 1751, 1752, 1753 àti 1755: ó kọ nípa wíwà títí ayé Ọlọ́run, títóbi Rẹ̀, ìmọ̀ Rẹ̀, agbára Rẹ̀ àti oore Rẹ̀. Lọ́nà ti Milton ni ó gbà kọ wọ́n. Gbólóhùn wọn gùn, ọ̀rọ̀ wọn sì wúwo. Iṣẹ́ ọlọ́gbọ́n ni wọ́n, ṣùgbọ́n ìyìn inú wọn jọ ti ẹni tí ó mọ àwọn tí yóò ka ìwé rẹ̀.

Kì í ṣe ìfẹ́ ìyìn nìkan ni ó gbé e dé ibẹ̀. Gbèsè ti wọ Smart lọ́rùn. Ó tún gbéyàwó ní ìkọ̀kọ̀, bẹ́ẹ̀ sì ni olùkọ́ tí ó bá gbéyàwó nígbà náà yóò fi àyè rẹ̀ sílẹ̀. Nígbà tí àṣírí tú, Pembroke pàṣẹ ní oṣù kìíní ọdún 1754 pé kí orúkọ rẹ̀ ṣì wà nínú ìwé wọn láìgba owó lọ́wọ́ rẹ̀, níwọ̀n ìgbà tí ó bá ṣì ń kọ ewì fún ẹ̀bùn Seaton. Àánú ni wọ́n fi ṣe é, ó sì bu iyì kún ilé ẹ̀kọ́ wọn. Síbẹ̀, láti ọjọ́ náà, yíyin Ọlọ́run di ohun tí Smart fi ń san owó àyè rẹ̀.

Kò tọ́ láti tìtorí èyí sọ pé asán ni ẹ̀bùn náà. Beilby Porteus, tí ó fi ewì lórí ikú gbà á ní 1759, di bíṣọ́ọ̀bù, ó sì wàásù ní 1783 nítorí ìyà àwọn ẹrú inú oko Codrington ní Barbados. John Mason Neale gbà á nígbà mọ́kànlá ní ọ̀rúndún tí ó tẹ̀lé e.

Ọ̀ràn Smart ni ó le. Ní 1757, wọ́n mú un wọ St Luke's, ilé ìwòsàn àwọn wèrè ní Lọ́ńdọ̀nù; lẹ́yìn náà ó wà ní ilé wèrè mìíràn títí di 1763. Ohun tí àwọn ènìyàn kà sí i lọ́rùn jù ni pé ó máa ń kúnlẹ̀ gbàdúrà ní gbangba, tí ó sì ń rọ àwọn tí ó bá bá pàdé láti bá a gbàdúrà. Ẹni tí yunifásítì ti sanwó fún pé ó kọ ọ́ dáadáa pé Ọlọ́run tóbi kọjá ibi gbogbo, òun náà ni wọ́n tì mọ́lé nítorí pé ó bá Ọlọ́run sọ̀rọ̀ ní ìta. Samuel Johnson, tí ó mọ̀ ọ́n, kò gbà pé ó yẹ kí wọ́n tì í mọ́lé; ó ní bí òun ṣe lè bá ẹnikẹ́ni mìíràn gbàdúrà náà ni òun ṣe lè bá Smart gbà á.

Nínú àhámọ́ náà ni Smart ti kọ Jubilate Agno, níbi tí ó ti pe ẹranko, ẹyẹ, òdòdó àti Jeoffry, ológbò rẹ̀, wá yin Ẹlẹ́dàá. Kò sí adájọ́ tí ó yan kókó rẹ̀ fún un. Ó kú ní 1771 nínú ẹ̀wọ̀n àwọn onígbèsè, King's Bench. Ìwé náà kò sì jáde ní títẹ̀ títí di 1939.