Alpha Jet ti Kainji, Láti Ẹnu Ilé Wa

Bàálù kékeré kan wà lórí tábìlì mi ní Òfìkì. Irin ni, kì í ṣe ike: síńkì yíyọ́ ni wọ́n dà sínú mọ́ọ̀dù, ó sì wúwo lọ́wọ́. Ìdá kan nínú 72 ni ó jẹ́ sí ojúlówó rẹ̀. Apá Alpha Jet, bàálù ogun gidi náà, fẹ̀ tó mítà 9.11, ti èyí kò pé sẹ̀ǹtímítà 13. Àgbélébùú dúdú Jámánì ló wà lára rẹ̀ nígbà tí ọmọ ẹ̀gbọ́n mi rà á bọ̀ láti London. Mo kùn ún bò, mo ya òbíríkítí aláwọ̀ ewé àti funfun tiwa sí i.

Ọdún 1964 ni òfin dá ẹgbẹ́ ọmọ ogun òfurufú Nàìjíríà sílẹ̀. Ó ti lé ní 60 ọdún báyìí, àwọn tó mọ ìdí ọ̀rọ̀ sì ń lọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Àwọn Jámánì ló kọ́kọ́ darí rẹ̀: Gerhard Kahtz, lẹ́yìn náà Wolfgang Timming. Ní 1966 ó kan George Kurubo, ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́. Shittu Alao tẹ̀ lé e, ẹni tí bàálù já lulẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀ ní Uzebba lóṣù kẹwàá ọdún 1969. Emmanuel Ikwue jẹ, John Yisa-Doko jẹ, Dominic Bello jẹ, Ibrahim Alfa jẹ, Nuraini Yusuf jẹ, Akin Dada jẹ, Femi John Femi jẹ.

Láyé Ààrẹ Shagari ni Alpha Jet 24 bẹ̀rẹ̀ sí í dé láti Jámánì, tí wọ́n sì fi Kainji ṣe ilé. Àwọn kan ń fi bàálù ogun Jaguar 18 tí a rà lọ́wọ́ Gẹ̀ẹ́sì yangàn. N kò gbè sẹ́yìn ẹnikẹ́ni, àmọ́ nígbà tó fi máa di 1991, Jaguar ti wà nílẹ̀ ní Makurdi, kò sówó ìtọ́jú.

Ta ló wá lọ sí Làìbéríà? Lóṣù kẹwàá ọdún 1992, Charles Taylor, olórí ọlọ̀tẹ̀, rọ́ lu Monrovia, ó fẹ́ gba ìlú mọ́ ECOMOG, ọmọ ogun Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, lọ́wọ́. Alpha Jet ló ń ju bọ́ǹbù sí ibùba àwọn ènìyàn rẹ̀. Bàbá mi kékeré wà níbẹ̀, mẹkáníìkì ni wọ́n. Wọ́n ní òru làwọn fi ń tú ẹ́ńjìnnì Larzac, tọ́ọ̀ṣì lẹ́nu, kí bàálù lè gbéra láàárọ̀. Lóṣù kẹrin ọdún 1993, ECOMOG gba Buchanan. Awakọ̀ ni wọ́n ń fún lámì ẹ̀yẹ. Ní ilé wa, a mọ ẹni tó mú bàálù fò.

Nígbà tí ogun Boko Haram dé, ẹgbẹ́ ọmọ ogun òfurufú tún so bọ́ǹbù mọ́ Alpha Jet. Ní ọjọ́ 18 oṣù keje ọdún 2021, àwọn agbébọn yìnbọn já ọ̀kan lulẹ̀ ní ààlà Zamfara àti Kaduna. Awakọ̀ rẹ̀, Abayomi Dairo, fò jáde, ó rìn títí ó fi bọ́ sọ́dọ̀ àwọn sójà. Lọ́dún yẹn náà ni bàálù ogun tuntun, Super Tucano, dé Kainji.

Nígbà tí mo gbé bàálù kékeré náà fún Bàbá mi kékeré, wọn kò wo òbíríkítí tí mo yà. Wọ́n dojú rẹ̀ délẹ̀, wọ́n fi èékánná tọ́ka sábẹ́ apá òsì, wọ́n sì ká ọwọ́ agbádá wọn sókè kí n lè rí ibi tí irin gbígbóná ti jó wọn.