Ilé Ta Ni Ó Yẹ Kí A Dá Sí? Ìtàn Àwọn Ilé Àtijọ́ Ilẹ̀ Amẹ́ríkà

Ní ọdún 1964, wọ́n wó ilé pákó kékeré kan ní Jane Alley, ní ìlú New Orleans ní ìpínlẹ̀ Louisiana. Inú ilé náà ni wọ́n bí Louis Armstrong sí ní ọdún 1901, ọkùnrin tí ó fi fèrè sọ orin jásì di ohun tí gbogbo ayé mọ̀. Iná kò jó ilé náà, ìjì kò sì gbé e lọ. Ìjọba ìlú ni ó fẹ́ lo ilẹ̀ náà fún ilé iṣẹ́ ọba. Armstrong fúnra rẹ̀ ṣì wà láàyè nígbà náà. Ọdún yẹn gan-an ni orin rẹ̀, Hello, Dolly!, gba ipò kìíní ní Amẹ́ríkà.

Ní ìlú kan náà, ní ọdún kan náà, bí onílé kan ní àdúgbò French Quarter bá fẹ́ yí ojú ilé rẹ̀ padà, ó ní láti kọ́kọ́ tọrọ àṣẹ lọ́wọ́ ìgbìmọ̀ kan. Àtúnṣe òfin ọdún 1936 ni ó fún ìgbìmọ̀ náà ní agbára láti dáàbò bo àwọn ilé àtijọ́ àdúgbò náà. Ilé ọlọ́lá ní òfin tí ó ń ṣọ́ ọ. Ilé tálákà kò ní ẹni tí yóò bá a sọ̀rọ̀.

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Bí ilé ṣe ń júwe ọmọ, bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn ilé tí orílẹ̀-èdè kan bá yàn láti pa mọ́ ń júwe irú ẹni tí orílẹ̀-èdè náà gbà pé òun jẹ́. Nítorí náà, ẹni tí ó bá fẹ́ mọ ìtàn ìdáàbòbò ilé àtijọ́ ní Amẹ́ríkà gbọ́dọ̀ wo ilé tí wọ́n dá sí, kí ó sì tún wo èyí tí wọ́n wó.

Àwọn obìnrin ni ó kọ́kọ́ sọ iṣẹ́ yìí di ohun ńlá. Ní ọdún 1853, ìyá àgbà kan láti South Carolina, Louisa Cunningham, ń wọ ọkọ̀ ojú omi kọjá lórí odò Potomac nígbà tí ó rí Mount Vernon, ilé George Washington, Ààrẹ àkọ́kọ́ ilẹ̀ Amẹ́ríkà. Ilé náà ti ń di àwókù. Ó kọ lẹ́tà sí ọmọ rẹ̀ obìnrin, Ann Pamela, ó sì béèrè pé bí àwọn ọkùnrin bá kọ̀ láti tọ́jú ilé náà, kí ni kò ní jẹ́ kí àwọn obìnrin ṣe é. Ara Ann Pamela kò le láti ìgbà tí ó ti ṣubú lórí ẹṣin, ṣùgbọ́n ó dá ẹgbẹ́ sílẹ̀, ó sì ń kọ lẹ́tà káàkiri ìpínlẹ̀ gbogbo láti kó owó jọ. Ní ọdún 1858, ẹgbẹ́ náà fi ẹnu kò láti ra ilé náà pẹ̀lú 200 éékà ilẹ̀, ní iye owó dọ́là 200,000. Ẹgbẹ́ yìí kan náà ni ó ń tọ́jú Mount Vernon títí di òní.

Iṣẹ́ ńlá ni wọ́n ṣe. Síbẹ̀, nígbà tí Washington kú ní ọdún 1799, ẹrú tí ó wà lórí ilẹ̀ náà lé ní 300. Ilé tí ojú olówó wọn ń wò ni wọ́n tún ṣe. Ibi tí àwọn ẹrú ń sùn kò wu ẹnikẹ́ni láti wò fún ọ̀pọ̀ ọdún. Láti ìbẹ̀rẹ̀ pàá ni ìwọ̀n ti tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan: ilé akọni ni ilé ìtàn, ilé àwọn tí ó gbé bíríkì rẹ̀ lérí ara wọn sì di ohun tí a lè gbàgbé.

Lẹ́yìn Mount Vernon, ọgbọ́n ìdáàbòbò ń gbòòrò sí i. Ní ọdún 1931, ìlú Charleston ní South Carolina ṣe òfin tí ó dáàbò bo àdúgbò kan látòkè délẹ̀, dípò ilé kan ṣoṣo. Ní ọdún 1933, nígbà tí ọ̀dá owó ti sọ àwọn ayàwòrán-ilé di aláìníṣẹ́, ìjọba àpapọ̀ gbà wọ́n síṣẹ́ láti máa wọn àwọn ilé àtijọ́, kí wọ́n sì yà wọ́n sórí ìwé. Àwọn àwòrán náà ṣì wà ní ilé ìkàwé ìjọba àpapọ̀ ní Washington, òmíràn nínú wọn sì ni ẹ̀rí kan ṣoṣo tí ó kù nípa ilé tí kò sí mọ́.

Nígbà tí ó di ọdún 1963, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í wó ibùdókọ̀ ojú irin Pennsylvania ní New York, ilé gìrìwò tí òpó rẹ̀ dà bí ti ààfin. Ìbànújẹ́ tí ó tẹ̀ lé e wà lára ohun tí ó ṣí ojú àwọn aṣòfin. Ní oṣù kẹwàá ọdún 1966, Ààrẹ Lyndon Johnson bu ọwọ́ lu òfin ìdáàbòbò ohun ìtàn. Òfin náà ni ó dá ìwé àkọsílẹ̀ àwọn ibi ìtàn orílẹ̀-èdè sílẹ̀. Ní gbogbogbòò, ilé gbọ́dọ̀ ti pé 50 ọdún kí wọ́n tó lè kọ orúkọ rẹ̀ sínú ìwé yìí.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó rò pé bí orúkọ ilé bá ti wọ inú ìwé náà, kò sí ẹni tí ó lè wó o mọ́. Kò rí bẹ́ẹ̀. Onílé tí ó ń ná owó ara rẹ̀ ṣì lè wó ilé rẹ̀, àfi bí òfin ìlú tí ó wà bá dí i lọ́wọ́. Ohun tí òfin àpapọ̀ ń béèrè ni pé kí iléeṣẹ́ ìjọba kọ́kọ́ ronú lórí ìpalára tí iṣẹ́ rẹ̀ lè ṣe fún ibi ìtàn, kí ó tó náwó ìjọba àpapọ̀ níbẹ̀ tàbí kí ó tó fi àṣẹ sí i. Lẹ́yìn èyí, ìjọba ń dín owó orí kù fún ẹni tí ó bá tún ilé ìtàn tí ń pa owó wọlé ṣe dáadáa, ní ìdá 20 nínú ọgọ́rùn-ún owó tí ó ná. Agbára gidi wà lọ́wọ́ ìgbìmọ̀ ìlú, ìyẹn ni pé ó wà lọ́wọ́ àwọn tí ohùn wọn ń dé ilé ìgbìmọ̀.

Irú ilé kan wà tí ohùn àwọn onílé rẹ̀ kì í sábà dé ibẹ̀. Ilé shotgun ni wọ́n ń pè é. Shotgun ni irú ìbọn tí ọdẹ máa ń gbé, wọ́n sì ní ìdí tí ilé náà fi ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni pé bí ènìyàn bá yìnbọn láti ẹnu ọ̀nà iwájú, ọta yóò gba ẹ̀yìnkùlé jáde láìkan ògiri kankan. Yàrá kan ni fífẹ̀ ilé náà. Yàrá mẹ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ máa ń tò tẹ̀ lé ara wọn bí ìlẹ̀kẹ̀ lórí okùn, kò sì sí ọ̀nà àárín tí ènìyàn lè gbà yẹra fún yàrá ẹlòmíràn. Ẹni tí ó bá ń lọ sí ilé ìdáná gbọ́dọ̀ kọjá níbi tí àwọn ará ilé ń sùn. Ẹnu òrùlé kọjú sí òpópónà, fàráńdà sì wà níwájú, níbi tí àwọn ènìyàn ń jókòó sí ní ìrọ̀lẹ́, tí wọ́n ń kí ẹni tí ń kọjá.

Ibi tí ilé yìí ti wá ni ó kan Yorùbá. Ní àárín ọdún 1970 sí 1979, onímọ̀ kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ John Michael Vlach tọ ipasẹ̀ ilé náà láti New Orleans lọ sí Háítì, ó sì tọ̀ ọ́ láti Háítì dé ilẹ̀ Yorùbá. Ó wọn àwọn ilé. Ó rí i pé ilé oníyàrá méjì ti àwọn Yorùbá, tí yàrá kọ̀ọ̀kan tó nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà 10 níbùú àti lóròó, sún mọ́ ìwọ̀n ilé kékeré àwọn ará Háítì púpọ̀púpọ̀. Àlàyé rẹ̀ ni pé àwọn ẹrú tí wọ́n kó lọ sí Háítì gbé ìwọ̀n yàrá náà lọ́kàn lọ. Wọ́n gba ẹnu ọ̀nà abẹ́ òrùlé láti ọ̀dọ̀ àwọn onílẹ̀ erékùṣù náà, wọ́n sì kọ́ ọgbọ́n káfíńtà Faransé mọ́ ọn.

Lẹ́yìn náà ni ogun òmìnira dé Háítì. Àwọn tí wọ́n sá kúrò níbẹ̀ lọ sí Kúbà, nígbà tí wọ́n sì lé wọn kúrò ní Kúbà, ogunléndé tí ó lé ní 9,000 wọ New Orleans láàárín ọdún 1809 sí 1810. Nǹkan bí ìdá méjì nínú mẹ́ta wọn ni aláwọ̀ dúdú àti àwọn tí ó ní ẹ̀jẹ̀ dúdú lára, yálà ẹrú tàbí ọmọlúwàbí tí ó ti gba òmìnira. Àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ wà láàárín wọn, wọ́n sì mọ irú ilé tí wọ́n fẹ́ kọ́. Àwọn onímọ̀ kan kò gba gbogbo àlàyé Vlach wọlé. Wọ́n ní tẹ́ẹ́rẹ́ ilẹ̀ ìlú náà tó láti fa irú ilé bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n láti ìgbà tí ó ti sọ ọ̀rọ̀ yìí, ó ti ṣòro fún ẹnikẹ́ni láti sọ pé àwọn ọmọ Áfíríkà kò mú iṣẹ́ ọnà ilé kíkọ́ kankan dé Amẹ́ríkà.

Àǹfààní kí ni ìran ńlá ń ṣe fún ilé tí ọ̀nà márosẹ̀ fẹ́ gbà kọjá? Ní ọdún 1966, ọdún tí òfin ìdáàbòbò jáde gan-an, wọ́n gé àwọn igi óákù tí ó tò ní Claiborne Avenue, òpópónà tí ó jẹ́ ọkàn àdúgbò Tremé, níbi tí àwọn aláwọ̀ dúdú ti ń tajà, tí wọ́n ti ń ṣe ọdún, tí wọ́n sì ti ń sin òkú pẹ̀lú ìlù àti fèrè. Afárá ọ̀nà márosẹ̀ ni wọ́n gbé gba orí rẹ̀. Ètò mìíràn tún wà láti gbé irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀ gba etí odò níwájú French Quarter. Àwọn agbẹjọ́rò àti àwọn olùfẹ́ ilé àtijọ́ dìde sí i fún ọ̀pọ̀ ọdún, ní ọdún 1969 sì ni John Volpe, tí ń bójú tó ètò ìrìnnà nínú ìjọba Ààrẹ Nixon, fagi lé e. Àdúgbò kan bọ́, èkejì kò bọ́. Wọ́n wó ọ̀pọ̀ ilé mìíràn ní Tremé láti fi ṣe ọgbà ìgbafẹ́, nígbà tí wọ́n sì ṣí ọgbà náà ní ọdún 1980, orúkọ Louis Armstrong ni wọ́n fi sọ ọ́.

Ní oṣù kẹjọ ọdún 2005, ìjì Katrina fọ́ àwọn ògiri tí ń dí omi mọ́lẹ̀, omi sì bo nǹkan bí ìdá 80 nínú ọgọ́rùn-ún ìlú náà. Àwọn ilé shotgun tí wọ́n fi pákó igi sípírẹ́sì àtijọ́ kọ́, tí wọ́n sì gbé lé orí òpó kúkúrú, a máa gbẹ padà bí omi bá ti fà. Ohun tí ó wá dẹ́kun ọ̀pọ̀ onílé ni ìwé. Bàbá àgbà ni ó kọ́ ilé, ó kú, àwọn ọmọ jogún rẹ̀ láìlọ sí kóòtù, àwọn ọmọ-ọmọ sì ń gbé inú rẹ̀. Ilé ẹbí ni, gbogbo àdúgbò ló mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí ìjọba ń pín owó àtúnṣe, ẹni tí ìwé ilé wà lórúkọ rẹ̀ ni wọ́n ń béèrè, ẹni náà sì ti wà ní ibojì láti ọjọ́ pípẹ́. Òǹkàwé tí ó mọ wàhálà ogún ẹbí nílé kò nílò àlàyé púpọ̀. Àwọn kan kò rí owó náà gbà, ilé wọn sì ń jẹrà níṣojú wọn títí ìjọba fi wó o.

Síbẹ̀, àwọn kan ti fi hàn pé ó lè yàtọ̀. Ní ọdún 1993, Rick Lowe àti àwọn oníṣẹ́ ọnà aláwọ̀ dúdú mẹ́fà mìíràn gba àwọn ilé shotgun 22 tí wọ́n ti pa tì ní àdúgbò Third Ward, ní ìlú Houston ní Texas. Àwọn kan ti ń retí kí wọ́n wó wọn. Lowe àti ẹgbẹ́ rẹ̀ tún wọn kùn, wọ́n sọ àwọn kan di ibi iṣẹ́ ọnà, wọ́n sì fi àwọn mìíràn ṣe ilé gbígbé fún àwọn ọ̀dọ́ ìyá tí ń dá tọ́ ọmọ nígbà tí wọ́n bá ń kàwé lọ́wọ́. Project Row Houses ni wọ́n pe iṣẹ́ náà. Ní ọdún 2010, Joseph McGill láti South Carolina bẹ̀rẹ̀ sí í lọ sùn mọ́jú nínú àwọn ahéré tí àwọn ẹrú gbé rí, kí àwọn ènìyàn lè bi ara wọn léèrè ìdí tí ahéré náà fi ń wó nígbà tí ilé olówó ń dán. Ní ọdún 2017, àjọ tí ó ń rí sí ìdáàbòbò ibi ìtàn ní gbogbo orílẹ̀-èdè náà dá àpò owó pàtàkì sílẹ̀ fún àwọn ibi tí ó kan ìtàn aláwọ̀ dúdú.

Ewu kan tún ń bọ̀ lẹ́yìn ìyìn. Bí ilé shotgun ṣe di ohun tí ayé ń fẹ́, olówó wá ń rà á, owó ilé ń gun òkè, owó orí sì ń tẹ̀ lé e. Bí onílé bá ta ilé rẹ̀ nítorí pé apá rẹ̀ kò ká owó orí rẹ̀ mọ́, òrùlé yóò wà, ọ̀dà yóò dán, ṣùgbọ́n ẹni tí ń kí ará àdúgbò láti orí fàráńdà yóò ti kó lọ. Ìdí nìyí tí àwọn tí ó mọ iṣẹ́ yìí dáadáa fi ń ka ìwé ilé ẹbí tí ó tọ́, owó orí tí tálákà lè san àti owó àtúnṣe fún onílé kún iṣẹ́ ìdáàbòbò, bí wọ́n ṣe ń ka pákó àti ìṣó kún un. Ilé tí ènìyàn kò lè gbé inú rẹ̀ mọ́ ti kú tán, bí ògiri rẹ̀ tilẹ̀ dúró.

Ní àdúgbò Corona ní New York, ilé bíríkì tí Louis Armstrong àti ìyàwó rẹ̀ Lucille gbé láti ọdún 1943 ti di ilé ìṣẹ̀ǹbáyé. Àwọn àlejò ń rí ilé ìdáná aláwọ̀ búlúù rẹ̀, wọ́n sì ń rí yàrá tí ó ti ń gba ohùn ara rẹ̀ sílẹ̀. Inú ilé náà ni ó kú sí ní ọdún 1971. Ilé tí ó ti parí ìrìn àjò rẹ̀ ṣì wà fún ẹni tí ó bá fẹ́ wò ó. Èyí tí à bá wò kí a tó sọ ọmọ náà lórúkọ ni wọ́n ti wó.